Ta ló ni snow ẹnu ọ̀nà basement: lánlọ́ọ̀dù àbí ayálégbé?

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ fa àga súnmọ́ bí. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti January ọdún tó kọjá, ọjọ́ tí mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi sì kán. Tó o bá ń gbé basement ní Ontario, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ, àbúrò rẹ, ọ̀rẹ́ rẹ ń gbé níbẹ̀, jọ̀ọ́, ka thread yìí dópin. Ó gùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó kúrú ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi gbé POP kọ́rùn lọ.

2/ Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Snow tó wà níbi tí gbogbo ará ilé jọ ń gbà kọjá, iṣẹ́ lánlọ́ọ̀dù ni. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ayálégbé bá wọn ṣe é, kí wọ́n bá a dúnàá-dúrà, kí wọ́n sì sanwó iṣẹ́. Ìlà kan tí wọ́n tì bọ àárín àgírímẹ́ǹtì kò tó. Ìyẹn kì í ṣe èrò mi, òfin Ontario ló sọ bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé àwa Yorùbá tó wà níbí ti fi ọ̀wọ̀ bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, ìbòmọ́lẹ̀ yẹn sì ti ń ṣẹ́ èèyàn léegun.

3/ Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Mo parí master's mi, mò ń ṣe content, mo sì ń lọ sí warehouse ní ìdájí torí content kì í tètè san owó ilé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ gba basement ní Scarborough. Ọmọ Yorùbá ni lánlọ́ọ̀dù wa. Àwọn àti ìyàwó wọn ń gbé òkè. Dádì àti Mọ́mì là ń pè wọ́n. Ọjọ́ tá a kó dé, Mọ́mì gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì sọ̀kalẹ̀ wá fún wa. Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe rí lára ẹni tó ti ń jẹ noodles fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

4/ Ìlà kan wà nínú àgírímẹ́ǹtì wa: ayálégbé ló máa kó snow ẹ̀gbẹ́ ilé àti ti àtẹ̀gùn basement. A rí i. A rẹ́rìn-ín. Dádì ní, “Ẹ̀yin lẹ ṣì lágbára, ẹ̀yìn ti ń dun èmi.” Kí la fẹ́ sọ? A ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Dádì.” A buwọ́ lù ú. Ṣọ́bìrì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, láti November la sì ti ń gbé e. Bí snow bá bọ́ lóru, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la ti wà níta, kí ọ̀kan nínú wa tó lè rọ́nà lọ síbi iṣẹ́.

5/ Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ṣọ́bìrì ò lè kó. Páìpù tó ń gbé omi òrùlé sọ̀kalẹ̀, ẹnu ọ̀nà wa gan-an ló kọjú sí. Lọ́sàn-án, oòrùn á yọ díẹ̀, snow orí òrùlé á yọ́, omi á gba páìpù yẹn wá, á tẹ́ sórí kọnkéré. Tó bá di alẹ́, omi yẹn á dì. Láàárọ̀, wàá rò pé ilẹ̀ kàn rin ni. Irọ́ ni. Yìnyín ni, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, o ò ní rí i títí wàá fi tẹ̀ ẹ́. Òun ni wọ́n ń pè ní black ice.

6/ Mo sọ fún Dádì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́nu ni o, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. (Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.) Wọ́n ní, “Ẹ da iyọ̀ sí i.” A da iyọ̀ sí i. Ohun tá ò mọ̀ ni pé iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́ tí òtútù bá ti kọjá -10. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, -17 ni. Aago márùn-ún ààbọ̀, báàgì ń bẹ lẹ́yìn mi, mò ń lé bọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbalẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó di pé ó dùn mí.

7/ Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Warehouse kì í sanwó fún ẹni tí ò wá. Fídíò tí mo máa ń edit ní wákàtí mẹ́ta di iṣẹ́ ọjọ́ méjì, ọwọ́ òsì nìkan. Ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi di irun, ló ń bá mi de okùn bàtà. Owó ilé ò sì dúró dè mí, oṣù pé, a san án. Mọ́mì gbé ọbẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá. Dádì gbàdúrà gígùn. Wọ́n káàánú mi lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan páìpù yẹn. Nígbà tí mo sì tún dárúkọ rẹ̀, Dádì ní, “Ọmọ mi, iyọ̀ tẹ́ ẹ dà ni ò tó.”

8/ Gbólóhùn yẹn ló gbé mi dé legal clinic. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀: káàkiri Ontario, legal clinic wà fún ẹni tówó tó ń wọlé fún un kéré. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ilé yíyá sì wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé lọ: ṣé èmi ni mo jẹ̀bi, torí pé mo ti buwọ́ lù ú pé èmi ni n óò máa kó o? Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀, àti ohun tí mo lọ kà fúnra mi lẹ́yìn ẹ̀, ni mo fẹ́ pín báyìí. Ẹ fi thread yìí pamọ́.

9/ Àkọ́kọ́. Òfin tó ń darí ilé yíyá níbí ni Residential Tenancies Act, 2006. A máa pè é ní RTA. Section 20 ní lánlọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ tọ́jú ilé kó wà ní ipò tó dáa, kó sì bá ìlànà ààbò àti ìtọ́jú ilé mu. Ó tún ní bó o bá tiẹ̀ ti rí àléébù ilé náà kó o tó wọlé, ojúṣe wọn ṣì ni. Nítorí náà “ṣebí ẹ rí páìpù yẹn kẹ́ ẹ tó gbalé” kì í ṣe ìdáhùn.

10/ Ìlànà wo ni ká bá mu? Ìjọba ìpínlẹ̀ ní tiwọn, O. Reg. 517/06. Section 26 níbẹ̀ ka àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ kúrò níta ilé, níbi àjùmọ̀lò: ìdọ̀tí, igi tó ti kú, àti snow òun yìnyín tó ti pọ̀ débi ewu. Ìlú kọ̀ọ̀kan náà lè ní tiwọn. Ti Toronto ni Chapter 629 nínú ìwé òfin ìlú: àtẹ̀gùn, ojú ọ̀nà, ibi ìgbọ́kọ̀sí gbọ́dọ̀ ṣeé gbà kọjá láìséwu. Kò sí ibi kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ ọ́ pé “àyàfi tí ayálégbé bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó lágbára.”

11/ Àgírímẹ́ǹtì tá a buwọ́ lù wá ńkọ́? Ní 2009, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ontario dá ẹjọ́ kan tó jọ tèmi bí ìbejì. Ayálégbé inú basement yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lójú ọ̀nà ilé. Lánlọ́ọ̀dù fa ìwé yọ pé ó ti wà nínú àgírímẹ́ǹtì pé ayálégbé ló máa kó snow. Ilé-ẹjọ́ ní rárá o. Ẹrù tí òfin gbé lé lánlọ́ọ̀dù lórí, a kì í fi ìlà kan nínú àgírímẹ́ǹtì gbé e lé orí ayálégbé. Ìlà tó bá lòdì sí RTA, òfo ni. Ẹni tó bá fẹ́ kà á fúnra rẹ̀, kó wá 2009 ONCA 808.

12/ Ẹ má tíì hó o, ó kù díẹ̀. Ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà ní lánlọ́ọ̀dù lè gba ayálégbé síṣẹ́ kíkó snow. Ṣùgbọ́n àdéhùn iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ dá dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, lọ́tọ̀ sí ti ilé. Kó hàn kedere ohun tí ayálégbé máa ṣe, kó sì hàn ohun tí yóò rí gbà fún un. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà ọ́ síṣẹ́ pàápàá, ojúṣe tí òfin gbé lé wọn lórí ò kúrò lórí wọn. Ṣé ẹ rí i pé kò le? Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ sì lówó.

13/ Kí n má bàa ṣì yín lọ́nà, ibi tọ́rọ̀ ti yàtọ̀ rèé.
Tó o bá gba odidi ilé, tí kò sẹ́lòmíì tó ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn, ọ̀rọ̀ “àjùmọ̀lò” ò fi bẹ́ẹ̀ bá ọ mu. Gbé ìwé rẹ lọ sí clinic.
Tó o bá ń bá onílé fúnra wọn pín kíṣíìnì tàbí balùwẹ̀, RTA ò kàn ọ́ rárá.
Tí wọ́n bá sì ń dẹ́rù bà ọ́ pé basement yẹn ò sí nínú ìwé ìjọba, fọkàn balẹ̀. RTA ṣì kàn ọ́. Àṣìṣe onílé ò lè di ìjìyà tìẹ.

14/ Ibi tó gún mi lọ́kàn jù rèé. Láti January 29, 2021, bó o bá ṣubú lórí snow tàbí yìnyín nínú ọgbà ẹnìkan ní Ontario, tó o sì fẹ́ kí àǹfààní láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ ṣí sílẹ̀, o gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìwé láàárín ọjọ́ 60. Kó o kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, aago tó ṣẹlẹ̀, àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kó o fi lé wọn lọ́wọ́, tàbí kó o fi registered mail ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ sidewalk ìjọba ìlú lo ti ṣubú, ọjọ́ 10 péré ni. Ilé-ẹjọ́ lè gbọ́ àwíjàre ẹni tó pẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbára lé ìyẹn?

15/ Ọjọ́ wo ni mo dé clinic? Ọjọ́ 51.
Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àádọ́ta ọjọ́ ó lé kan ni mo fi ń sọ pé “kò burú, Dádì ni,” “ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi jinná ná,” “a ò fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́.” Òfin ò mọ̀ pé Dádì ni. Òfin ń ka ọjọ́ tiẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè iye ọmọ wa tó ti ṣubú ní ìlú yìí, tó dákẹ́ títí ọjọ́ 60 fi kọjá, tó sì ṣì ń kí lánlọ́ọ̀dù “ẹ káàárọ̀ sà” tòun ti ẹ̀yìn tó ń ro ó.

16/ Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ ìwé náà, òwe kan ni gbogbo ayé ń pa fún mi: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi pa á. Ìyá mi pa á lórí WhatsApp láti Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pa á, ó tún fi kún un pé, “Bàbá tó gbà ọ́ sílé lo fẹ́ fà lọ kóòtù?” Mo bọ̀wọ̀ fún òwe yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi í léèrè: ṣé ẹni tó ṣubú nìkan lò ń bá wí? Ẹni tá a sọ fún lẹ́ẹ̀mejì tí kò tún páìpù ṣe ńkọ́? Ta ló kọ́kọ́ ba ọ̀rẹ́ jẹ́?

17/ Àti pé lẹ́tà kì í ṣe kóòtù. Lẹ́tà ń sọ pé: nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, ibi báyìí ló ti ṣẹlẹ̀, mo fi tó yín létí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. O lè kọ ọ́ kó o má sì lọ kóòtù láyé rẹ. Inṣọ́ránsì ilé sábà máa ń ní apá tó wà fún irú jàǹbá báyìí, torí ẹ̀ ni àwọn onílé ṣe ń sanwó ẹ̀. Ẹni tí ò kọ lẹ́tà ò gba bàbá là lọ́wọ́ ohunkóhun. Inṣọ́ránsì ló gbà là, òun fúnra rẹ̀ ló sì ru gbèsè.

18/ Mo kọ ọ́. Ojú ewé kan. Ní ọjọ́ 54, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo gòkè lọ bá wọn. Mo kúnlẹ̀. Òótọ́ ni mò ń sọ, mo kúnlẹ̀ dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Mo ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, òfin ló ní kí n fún yín.” Mo fi ọwọ́ òsì ti ọ̀tún tí kò tíì lágbára lẹ́yìn, mo sì fi lẹ́tà lé wọn lọ́wọ́. Lójú òfin, fífi lé èèyàn lọ́wọ́ ni. Lójú ilé wa, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Méjèèjì lè wà nínú ara kan náà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí jù nínú thread yìí nìyẹn.

19/ Ṣé ó dùn mọ́ wọn? Rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ilé fi dákẹ́. Mọ́mì á rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dáhùn ìkíni mi wúyẹ́wúyẹ́. Ọbẹ̀ dáwọ́ dúró. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gbé àkàbà wá, ó yí ẹnu páìpù yẹn sí ọ̀nà ọgbà lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ wákàtí kan àtààbọ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo ọwọ́ mi, mo ń wo páìpù. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́dọ̀ inṣọ́ránsì ò tíì parí, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

20/ Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́ sí àwọn onílé náà. Dádì ò burú. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, gbèsè ilé wà lọ́rùn wọn, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Kíkó snow kì í ṣe eré fún ọkàn àgbàlagbà, ó ti pa èèyàn rí. Mi ò ní kí Dádì gbé ṣọ́bìrì o. Òfin náà ò ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó o. Ohun tó ní ni pé kí wọ́n rí i pé ó kúrò. Owó ẹni tó ń kó snow wà lára owó tí ilé ń ná, bíi owó òrùlé, bíi owó ìgbóná. Ẹni tó ń gba owó ilé ló yẹ kó fi í sínú ìṣirò.

21/ Mo rò pé mo mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Nílé, ayálégbé ló ń gbálẹ̀ ọgbà. Ní face-me-I-face-you, a máa ń pín in: yàrá kan lọ́sẹ̀ yìí, yàrá kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ sanitation, gbogbo ilé ló ń kó gọ́tà. Lánlọ́ọ̀dù á jókòó sí bàrándà, á máa tọ́ka. A gbé àṣà yẹn wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá gbálẹ̀ lónìí, ìdọ̀tí ló máa rí lọ́la. Ẹnu ọ̀nà tó bá dì lónìí, ẹni tó jáde ní ìdájí lè má lè dìde mọ́. Ewu wọn ò dọ́gba, ẹ má fi wọ́n wé ara wọn.

22/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn òwe, mo ní ọ̀kan: àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ làwa ṣe ń lò ó, ọ̀wọ̀ níwájú, ojúṣe lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ ká máa pè yín ní Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọrùn ọmọ. Ẹ ò lè jẹ́ bàbá nígbà ìkíni, kẹ́ ẹ wá di òǹkọ̀wé àdéhùn nígbà tí yìnyín bá dì. Bó bá sì jẹ́ òwò ni, òwò náà lófin. Ẹ mú ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ mú méjèèjì. Ẹ má kàn mú èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn.

23/ Ayálégbé, tìẹ náà dé. Má rò pé o kàn fẹ́ jókòó.
Sọ ọ́, kó o sì KỌ Ọ́. Ẹnu mi tí mo fi sọ fún Dádì lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́rìí. WhatsApp tó ní ọjọ́ àti aago tó: “Ẹ káàárọ̀ Dádì, omi páìpù ti tún dì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Fọ́tò rèé.” Ó lọ́wọ̀, ó kúrú, ó sì wà nílẹ̀ títí láé.
Ya fọ́tò. Yìnyín máa ń yọ́, fọ́tò kì í yọ́.
Má da omi ìfọṣọ síta. Má gbé báàgì ìdọ̀tí dí àtẹ̀gùn.
Ra bàtà tó di ilẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ rẹ ni, kì í ṣe ti lánlọ́ọ̀dù.

24/ Tí wọn ò bá dáhùn:
Ní Toronto, pe 311, sọ pé ọ̀rọ̀ property standards ni.
Form T6 wà ní Landlord and Tenant Board fún ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé. Má jẹ́ kó ju ọdún kan lọ.
MÁ dá owó ilé dúró láti fi jẹ wọ́n níyà. Wọ́n á kàn fún ọ ní N4, ọ̀rọ̀ á wá dà bíi pé ìwọ lo ṣẹ̀.
Bí wọ́n bá fẹ́ lé ọ nítorí pé o béèrè ẹ̀tọ́ rẹ, section 83 nínú RTA ní kí Board kọ̀ fún wọn.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí permit, mo mọ ẹ̀rù yẹn, mo ti gbé e rí. Kíkọ̀wé pé kí ẹnu ọ̀nà rẹ ṣeé rìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ immigration.

25/ Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù tó ń ka eléyìí ní ìdákẹ́jẹ́ (mo mọ̀ pé ẹ wà níbí, àwọn ọmọ yín ń fi ránṣẹ́ sí yín): ẹ yọ ìlà yẹn kúrò nínú àgírímẹ́ǹtì yín, kò lè gbà yín. Ẹ wo ibi tí páìpù yín ń da omi sí kí November tó dé. Ẹ gbé iyọ̀ àti iyanrìn sílẹ̀. Ẹ gba ẹni tó ń kó snow, tàbí kẹ́ ẹ bá ayálégbé ṣe ìwé iṣẹ́ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì san án. Ẹ sọ fún inṣọ́ránsì yín pé ayálégbé wà nínú ilé, kó má di ọjọ́ jàǹbá kí wọ́n tó mọ̀.

26/ Báwo la wà báyìí? A ṣì ń gbé ibẹ̀. October tó kọjá, Dádì fúnra wọn ló pè wá. Ìwé ojú ewé kan: ọ̀rẹ́ mi ló ń kó snow láti November dé March, wọ́n ń yọ $80 lóṣù fún un, ọjọ́ tí kò bá sí nílé, Dádì á pe ẹlòmíì. Ìlà àtijọ́ ti kúrò. Èmi ò gbé ṣọ́bìrì mọ́, ọwọ́ mi ò gbà á. Mo ṣì máa ń da iyọ̀ sí ẹnu ọ̀nà Mọ́mì tí mo bá ń jáde lọ, nítorí pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Oore nìyẹn. Oore tí wọ́n bá kọ sí àgírímẹ́ǹtì tipátipá, kì í ṣe oore mọ́.

27/ Ọbẹ̀ ti padà o, ẹ bá mi dúpẹ́. Kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà.
Iṣẹ́ alẹ́ òní: jáde síta, tan iná fóònù rẹ sí ẹnu ọ̀nà rẹ, wo ibi tí omi ń gbà. Ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ṣí àgírímẹ́ǹtì rẹ, wá ọ̀rọ̀ “snow” níbẹ̀. Tó o bá rí i, kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó lọ́wọ̀ sí lánlọ́ọ̀dù rẹ lálẹ́ yìí. Fi thread yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pàápàá ẹni tó ń jáde lọ síṣẹ́ ní ìdájí. Ẹ rọra tẹlẹ̀ o.